Orúkọ Méjì, Bẹ́ẹ̀dì Kan

Kíá ni gbogbo ilé ń pè é.

Kíá máa ń sáré jẹun. Kíá máa ń sáré wẹ̀. Ó tiẹ̀ máa ń sáré sùn!

Lọ́jọ́ kan, àbúrò tuntun dé sílé Kíá. Obìnrin ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí róbótó. Ikùn rẹ̀ rí róbótó. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá rí róbótó.

Ọmọ náà ń ké. "Ùwáà! Ùwáà!"

"Róbótó!" ni Kíá pè é.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wo ojú Kíá.

"Màmá, ẹ wò ó! Ó ti mọ orúkọ rẹ̀!"

Ní àárọ̀ Sátidé, Kíá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá ń ṣe.

Ayùn ń lọ, ayùn ń bọ̀. Ṣìì-ṣọ̀ọ̀! Ṣìì-ṣọ̀ọ̀!

"Bàbá, kí lẹ ń gé?"

"Lẹ́tà ni. A fẹ́ to orúkọ àbúrò rẹ sára pákó orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

"Róbótó!" ni Kíá pariwo.

"Rárá o. Orúkọ gidi ni. Èyí tí Ìyá Àgbà fún un."

Orúkọ gidi náà gùn. Lẹ́tà méjìlá ni! Ọ̀kan ga bí àkàbà. Ọ̀kan tẹ̀ bí ẹ̀yìn ológbò. Ọ̀kan sì rí róbótó bí ẹnu ife.

Kíá fajú ro. Bí wọ́n bá to orúkọ yìí síbẹ̀, ta ni yóò rántí Róbótó mọ́?

Bàbá fún Kíá ní sáńpépà. "Máa fi ra lẹ́tà yìí. Jẹ́jẹ́ o. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ wò ó. Bó bá ń gún ọ, kò tíì tó. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó ti tó."

Kíá ra á. Fọ̀rọ̀, fọ̀rọ̀, fọ̀rọ̀.

Ó ra á títí ó fi ń yọ̀.

Gbogbo ilé bá pé jọ sí yàrá ọmọ. Màmá gbé ọmọ dání. Ìyá Àgbà gbé awò wọn sójú.

Bàbá to àwọn lẹ́tà sí orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ…

Pákó tán!

Lẹ́tà mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

"Ìwọ káfíńtà yìí!" ni Ìyá Àgbà wí. "O wọn pákó. O wọn ìṣó. O ò wọn orúkọ?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń wá kiri!"

Bàbá họrí. "Ẹ má bínú, Màámi."

Kíá fò sókè. "Ẹ to Róbótó síbẹ̀! Lẹ́tà mẹ́fà péré ni!"

Bàbá kó àwọn lẹ́tà náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣìì-ṣọ̀ọ̀! Ṣìì-ṣọ̀ọ̀! Kò pẹ́, wọ́n gbé lẹ́tà mẹ́fà dé.

RÓBÓTÓ. Orí bẹ́ẹ̀dì gbà á dáadáa!

Kíá jó sọ́tùn-ún. Kíá jó sósì.

Ìyá Àgbà ò jó. Wọ́n ń ṣa lẹ́tà méjìlá náà sínú áńkáṣíìfù wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Àgbà, ṣé inú ń bí yín ni?"

"Inú ò bí mi, ọmọ mi. Orúkọ ìyá mi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn."

Kíá dúró. Ijó tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Pà! Lẹ́tà kan já bọ́ láti inú áńkáṣíìfù. Èyí tó rí bí ẹnu ife ni.

Gbiri, gbiri, gbiri! Ó ń yí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kíá rá kòrò tẹ̀lé e. Ó ń yí lọ. Kíá ń tẹ̀lé e. Ó ń yí lọ. Kíá ṣì ń tẹ̀lé e!

"Háà!" ni Kíá wí. "Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí mà gùn o!"

Pákó gígùn kan wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ láti orí dé ẹsẹ̀.

Kíá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé lẹ́tà náà. Lẹ́tà kan, àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n dọ́gba!

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó gígùn náà. Kò sáré rárá. Àtẹ́lẹwọ́ kan. Méjì. Mẹ́ta…

Gbogbo ilé ń bá a kà á.

…Méjìlá. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá!

"Bàbá, mo ti wọ̀n ọ́n! Méjìlá la fẹ́. Mẹ́rìnlá ló gbà. Àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù!"

Bàbá fa téèpù wọn yọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún un wọ̀n.

"Òótọ́ ni! Kíá, ìwọ lọ̀gá. Èmi lọmọṣẹ́."

Bàbá fi gúlù sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kíá di lẹ́tà mú. Òòlù ń dún. Kò! Kò! Kò!

Orúkọ kúkúrú wà lórí. Orúkọ gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣùgbọ́n èwo la ó wá máa pè é?" ni Kíá béèrè.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé Kíá ni tíṣà ń pè ọ́?"

"Rárá o! Orúkọ mi gígùn ni wọ́n ń pè."

"Bí wọ́n bá sì pè é, ta ló ń dáhùn?"

Kíá rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni!"

Màmá tẹ́ ọmọ sínú bẹ́ẹ̀dì.

Kíá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rọra pe orúkọ gígùn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fo nǹkan kan.

Ìyá Àgbà nu ojú. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. "Róbótó mi," ni wọ́n wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kò ní eyín kankan. Erìgì nìkan ló ń dán.

Ẹ fẹ́ mọ orúkọ gígùn náà? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ná. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín.

"Bàbá," ni Kíá wí, "bẹ́ẹ̀dì tèmi ńkọ́? Orúkọ mi méjèèjì ni mo fẹ́!"

Kíá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tẹ̀lé e.

Wọn ò tíì fọwọ́ kan ayùn. Wọn ò tíì fọwọ́ kan pákó.

Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ni Bàbá kọ́kọ́ wọ̀n.