Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Rọlẹ̀ Díẹ̀díẹ̀

"Fọwọ́ kàn án kí o tó dárúkọ rẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tó wà níwájú wọn. "Pọ́ǹpù rèé. Bí a bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ti ọ́ìlì wọ inú sílíńdà. Ọ́ìlì á ti písítìnì, irin tó wà nínú rẹ̀, sókè, bẹ́ẹ̀dì á sì dìde. Fáàfù yìí, tó dà bí ilẹ̀kùn kékeré, ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì padà sẹ́yìn."

"Rọ́bà ńkọ́?"

"Òun ló yí písítìnì ká kí ọ́ìlì má baà jò."

"Ẹnjiníà mi!"

Orúkọ tí bàbá ń pè é láti kékeré nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni bàbá ń tún ṣe, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí nìyí tó fi fi èyí lé e lọ́wọ́, tí òun sì lọ sí wọ́ọ̀dù kejì. "Bí o bá ti fi rọ́bà tuntun sí i, gbé àpò iyanrìn lé e fún wákàtí kan. Kò gbọdọ̀ rọlẹ̀ rárá o."

Ọwọ́ ọmọ náà yá jù. Bó ṣe ń ti písítìnì wọlé, etí irin gé rọ́bà tuntun náà, kò ju bí orí èékánná lọ. Ó rí i. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ tú? Kí ni bàbá yóò wí? Ó dì í pa, ó tẹ pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀dì sì dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Kò tíì gbé iyanrìn lé e tí nọ́ọ̀sì fi yọjú.

"Àbúrò, ṣé ó ti ṣetán? Màmá kan tí egungun itan rẹ̀ kán ń dúró."

"Ó ti ṣetán, mà."

Wọ́n rọra tẹ́ màmá sórí rẹ̀, wọ́n gbé e sókè, nọ́ọ̀sì sì lọ mú ìrọ̀rí wá.

"Ọmọ mi," ni màmá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé fèrèsé ló ń ga sí i ni, àbí èmi ni mò ń kúrú?"

Màmá fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí i pé ó ti ń rọlẹ̀. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀dì ti gbó. Ta ni yóò tú u wò? Ó tún wo itan tí wọ́n fi báńdéèjì wé náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo gé rọ́bà rẹ̀. Mo sì purọ́ pé ó ti dára."

Ó sáré pe nọ́ọ̀sì. Èèyàn mẹ́rin ló gbé màmá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Màmá kérora, ìkérora náà sì wọ ọmọ náà léegun. Nọ́ọ̀sì bá a wí lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí bàbá dé, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"O ò ní dá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ títí màá fi ní kí o ṣe é," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tìrẹ ò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi bàbá rẹ náà ti gé rọ́bà rí, kò lóǹkà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sórí iṣẹ́ wa, ara rẹ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́."

Wọ́n jọ tú u. Ọmọ náà fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun mìíràn lára, ó sì rọra tì í wọlé. Iyanrìn lo wákàtí kan lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì kò sì rọlẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n dá màmá padà sórí rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí ọ́ìlì kún mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Níbẹ̀ ni ó ti yé ọmọ náà pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣeé tún ṣe; èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, ara ẹlòmíràn ni yóò ti jáde.