Ẹni Tó Kí Wa Láti Inú Ìgò Òfìfo

Ojú mi ló ṣe. Etí mi ló gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi yìí ló wà lára ẹ̀rọ nígbà tó ṣẹlẹ̀. N kò mutí lọ́jọ́ náà, ibà kò sì ṣe mí. Ọ̀sán gangan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

Ògúntádé ni orúkọ mi. Fríjì ni mò ń tún ṣe ní Igolo, létí ẹnubodè, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ti ń dúró de èrò tó ń bọ̀ láti Ìdírókò. Kí a tó da gáàsì tuntun sínú fríjì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù rẹ̀ jáde. Mo ní pọ́ǹpù tí mo fi ń ṣe é. Ó wúwo, ó sì máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú nǹkan. N kò bi ara mi léèrè rí pé kí ló ń kù síbẹ̀ tí mo bá fà á tán.

Madame Marthe ló wá bá mi. Olùkọ́ físíìsì ni, ní ilé ìwé kan ní Ifangni.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní ẹ ní pompe à vide, pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde."

"Mo ní in."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wá sílé ìwé. Inspecteur tó ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò ń bọ̀ lọ́la."

Ó ṣàlàyé fún mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ti wá wo bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni náà ní ẹnu àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ni madame fi ń kọ́ni, pé àwọn ọmọ kò fojú rí nǹkan kan. Kò jẹ́ kó yege. Bí èyí tó ń bọ̀ yìí bá tún sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Á padà sí Ko-Koumolou lọ bá ìyá rẹ̀ lóko. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí aṣọ rẹ̀ ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

Mo gbé pọ́ǹpù sẹ́yìn ọ̀kadà. A lọ.

Ó ti rí ìgò ńlá kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé. Ó rí bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó nípọn, a sì lè dé e mọ́ orí àwo irin kan. Ihò wà láàárín àwo náà. Ibẹ̀ ni pọ́ǹpù á ti fa afẹ́fẹ́ jáde. Rọbinẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ó ṣí bí a bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé.

"Ohun méjì ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n," ó ní. "Àkọ́kọ́, orí afẹ́fẹ́ ni ohùn ń gùn rìn. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò sí ohùn. Ìkejì, bí afẹ́fẹ́ bá ku díẹ̀ nínú ìgò, tí a wá tan iná sí i, á mọ́lẹ̀. Plasma ni wọ́n ń pè é. Òun àti mànàmáná, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá. Ẹnì kẹta ni Fortunée, tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ràn ìgò náà láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n.

Madame gbé fóònù rẹ̀ sórí tìmùtìmù, ó jẹ́ kó máa dún, ó sì dé ìgò lé e. Ó fi fáásilíìnì pa etí ìgò yí ká. Mo tan pọ́ǹpù.

Dídún fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé e dání tó ń rìn lọ sọ́nà Banigbé, díẹ̀díẹ̀, láìwẹ̀yìn. Nígbà tó yá, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Iná fóònù ṣì ń ṣẹ́jú. Madame rẹ́rìn-ín. Mo ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa, mo sì pa pọ́ǹpù.

Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohùn obìnrin àgbà ni. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ń kọjá lọ, tó rí wa lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì fẹ́ kọjá láìkí wa. Inú ìgò ló ti wá.

Mo la ẹnu. "Ooo" ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í rò ó kó tó dáhùn. Fortunée sáré dé, ó sì fi ìgbálẹ̀ bò mí lẹ́nu. Ìgbálẹ̀, lẹ́nu ọkùnrin! Ìyẹn pàápàá, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni.

"Ẹ má dáhùn!" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó pè yín ni?"

"Kò pè mí. Ó kí mi ni."

"Kíkí náà ni wọ́n fi ń pe èèyàn."

"C'est le téléphone," ni Madame Marthe wí. "Ẹnì kan ló pè wọlé sórí fóònù." Ó wo ìgò. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fóònù ni, a kò lè gbọ́ ọ. Kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e jáde."

Ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó wá àga, ó jókòó.

A yọ fóònù kúrò. Ìgò ṣófo. Mo tún fa afẹ́fẹ́ jáde, abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ lára pọ́ǹpù sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fìdí kan ilẹ̀. Mo pa pọ́ǹpù. A dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ohùn ẹni tó ti kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò dá a lóhùn.

Madame ní kí a dán iná wò. Ó ti so wáyà méjì mọ́ inú ìgò. A ti fèrèsé pa, yàrá ṣókùnkùn, oòrùn sì ń jó páànù lórí wa. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tàn nínú ìgò, ó rọ̀ bí òwú. Ó dára. Mo fẹ́ sọ pé ó dára ni ohùn náà tún dé.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, mo ní ẹ kú iṣẹ́."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n.

"Ó ti ń bínú," ni Fortunée wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ṣùgbọ́n ó ń ṣi í kà.

"Madame," mo ní, "ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Ẹ fi ẹnu kọ́ wọn."

"Bí mo bá fi ẹnu kọ́ wọn lọ́la, ó parí, bàbá."

A jókòó. A rò ó. Èmi ni mo rí ọ̀nà kan. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn, ta ni yóò gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? A ó fo ti fóònù, a ó fi ìmọ́lẹ̀ nìkan hàn wọ́n, n kò sì ní pa pọ́ǹpù rárá. Madame dì mọ́ mi. Fortunée ní kò sí ohun tó kan òun níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun á wà nítòsí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ òun.

Lọ́jọ́ kejì, inspecteur dé. Monsieur Hugues ni wọ́n ń pè é. Ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí pọ́ǹpù pàápàá. Ó lọ jókòó sẹ́yìn yàrá, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ogójì ọmọ ló wà níwájú rẹ̀.

Nǹkan ń lọ dáadáa. Pọ́ǹpù ń kùn. Fèrèsé wà ní títì. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àlùkò tàn, gbogbo ọmọ kígbe pé "Héè!" Madame Marthe ń pariwo sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló wà níbẹ̀. Monsieur Hugues ń kọ̀wé.

"Bàbá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn. Àwọn ọmọ kò gbọ́ ohun tí madame ń sọ."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"La pompe, s'il vous plaît."

Mo wo madame. Madame wo ilẹ̀. Mo pa á.

Ìdákẹ́jẹ́ bọ́ lé wa lórí bí aṣọ tútù. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nínú ìgò. Mo ń kà á nínú ara mi. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ooo! Ẹ ṣé o, mà," ni Monsieur Hugues dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Ìgbálẹ̀ Fortunée jìnnà jù.

Ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀.

"Háà," ni ohùn náà wí, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dú..."

Gègé rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè. Ó wo Madame Marthe, ẹnu madame wà ní pípadé. Ó wo Fortunée. Ó wo èmi. Lẹ́yìn náà ló wo ìgò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Ṣùgbọ́n kí ni kó ṣe? Àgbà ni wọ́n, ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í kí àgbà dé ìdajì kó yíjú. Ó dìde, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ilé tiyín náà ńkọ́, mà?"

Ìmọ́lẹ̀ náà kò mì.

"Ilé kún," ni ohùn náà wí. Ó sinmi díẹ̀. "Ilé kún, a kò ríbi jókòó mọ́."

Ọmọ kan tó wà níwájú rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Madame já iná. Mo na ọwọ́ sí rọbinẹ́, mo ṣí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, inú ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀, á máa fa ìka mi mọ́ra. Lọ́jọ́ náà, ìta ló fẹ́ sí. Ó ti ọwọ́ mi dànù. Ó gbé ìwé Monsieur Hugues kúrò lórí tábìlì, ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lára pátákó. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń rùn bí yàrá tí èèyàn púpọ̀ fún pọ̀ sí, tí ẹnì kan sì ń sun àgbàdo nínú rẹ̀. Ìgò yẹn kò lè gba afẹ́fẹ́ tó garawa méjì, ẹ gbọ́ mi. Mo ka ogójì, ó ṣì ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn n kò kà mọ́.

Ó dáwọ́ dúró. Ìgò mọ́ gaara. Kò sán.

Monsieur Hugues ṣa ìwé rẹ̀ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bon," ó ní. Ohùn rẹ̀ rí tín-ín-rín. "Ta ló lè sọ ohun tó rí fún mi?"

Ogójì ọwọ́ ló nà sókè. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Madame Marthe yege. Ó ka ohun tí inspecteur kọ nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún mi: leçon vivante. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ tó ní ẹ̀mí nínú." A wo ara wa. A kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Monsieur Hugues wá bá mi ní Igolo. Ọ̀kadà ló gùn wá, kò wọ kóòtù. Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, kò sì gbé ife kalẹ̀.

"Pọ́ǹpù yín yẹn, ṣé èyí tó lágbára jù ú lọ wà?"

"Ó wà. Mo ti ń rò ó láti ra ọ̀kan."

"Ẹ má rà á. Àwọn tó jáde lọ́jọ́sí ti tó."

Ó dìde, ó dé akoto rẹ̀ mọ́rí, ó jókòó síwájú gan-an lórí ọ̀kadà, bí ẹni tó gbé èrò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ta ni?"

Ó ń fi sùúrù wò mí. Kí ni kí n wá ṣe? Wọ́n ṣáà kí mi.

"Ẹ bá mi kí wọn o," mo ní.

"Wọ́n ti gbọ́," ó ní, ó sì tan ọ̀kadà rẹ̀.