Ìgò Kan Ń Ké Lẹ́yìnkùlé

Orí àga ni Tíṣà Bọ́dúnrìn kú sí, ṣíbí oògùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Olúyọmí fi máa dé ilé náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti gbé òkú lọ. Ìgò oògùn ikọ́ kan ló kù lórí tábìlì, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ àti èérún ìda pupa tí wọ́n fi lẹ orí rẹ̀ pa. Olúyọmí yí inú ìdérí náà síta. Kọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, kí oògùn má baà jò. Ẹnu ìgò ti tẹ àmì róbótó méjì sí kọ́ọ̀kì náà, ọ̀kan gun ọ̀kan. Èyí tó jinlẹ̀ jù já níbì kan, kò yípo tán.

Olúyọmí, obìnrin ọlọ́pàá náà, fi áńkáṣífù wé ìdérí náà, ó sì fi í sápò.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, ọ̀gá." Susannah, ìyàwó olóògbé, ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Ọ̀bẹ ni mo fi fọ́ ìda orí rẹ̀. Mo rò pé ilé iṣẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ pa bẹ́ẹ̀. Mo bu ún sí ṣíbí, mo gbé e fún wọn. Ọwọ́ mi yìí náà ni, ọ̀gá!"

Ohùn kan ta láti ẹ̀yìnkùlé, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ẹ̀rù ba Olúyọmí. Kò fi í pamọ́ fún ara rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Susannah di apá rẹ̀ mú. "Àná ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kú rárá. Ìyá ọkọ mi ni. Yàrá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún la sin wọ́n sí. Ọmọ wọn ni wọ́n wá pè."

Adélékè, àbúrò olóògbé, fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn. Oko kòkó ló ń dá ní Ìjẹ̀bú-Imusin. "Ìyàwó wa, ẹ má fẹ̀rù pa ara yín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń fẹ́ sẹ́nu ìgò."

"Ìgò wo?" Susannah béèrè. "Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n yín fi ìgò sílẹ̀ láìdé?"

Adélékè yí ẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ló ra oògùn náà?" Olúyọmí béèrè.

"Èmi ni," Adélékè dáhùn. "Mo rà á lọ́jà Òkè-Àjẹ, mo gbé e fún wọn lánàá. Bí ilé iṣẹ́ ṣe dè é ni mo ṣe gbé e dé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ti Ràmọ́tà mọ́lé, ọmọbìnrin tó ń dé ìgò nílé iṣẹ́ oògùn Alhaji Gbàdàmọ́sí ní Odogbolu. Ilé ìwòsàn sọ pé oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó ló wà nínú ìgò náà. Alhaji kò tilẹ̀ jà fún Ràmọ́tà. "Ẹ mú un, kí ilé iṣẹ́ mi ráyè ṣí," ló wí. Bí ọjọ́ Ajé bá mọ́, kóòtù ni, ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Ní àtìmọ́lé, omi ọmú ti rin búláòsì Ràmọ́tà gbindin. Ọmọ rẹ̀ wà nílé, kò tíì já lẹ́nu ọmú.

"Sọ bó o ṣe ń dé ìgò fún mi," ni Olúyọmí wí.

"Màá tẹ́ bébà olóràá sínú ìdérí, màá dé e pinpin, màá wá ki orí rẹ̀ bọ ìda pupa gbígbóná, mà."

"Kọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Kọ́ọ̀kì kẹ̀? Látìgbà tí ọjà òkè òkun ti di ọ̀wọ́n, ojú wa ò kan kọ́ọ̀kì mọ́, mà."

Olúyọmí lọ sí Odogbolu. Ó tú páálí kan, ó tú èkejì. Bébà funfun ló wà nínú gbogbo ìdérí. Ó padà sílé olóògbé.

Lórí ògiri kékeré ẹ̀yìnkùlé, àwọn ìgò oògùn ikọ́ tí Tíṣà ti mu tán tò lọ rẹrẹ.

"Wọn kì í jù wọ́n nù," Susannah wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn kì í sì í fi ọ̀kan sílẹ̀ láìdé. Wọ́n ní ìgò tó bá lanu sílẹ̀, òkú ló ń pè."

Ọ̀kan láàárín wọn lanu sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ìgò náà ké. Olúyọmí fi àtàǹpàkò dí i, ohùn dá. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ síbẹ̀.

Ó wo ẹnu ìgò náà. Etí rẹ̀ fọ́ díẹ̀ níbì kan. Ó yọ ìdérí tó wà lápò rẹ̀ jáde. Ibi tí àmì tó jinlẹ̀ jù ti já, ibẹ̀ gan-an ló bá ibi tó fọ́ mu.

Ó ránṣẹ́ pe Adélékè. Adélékè dé, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ìdérí ìgò yìí ni wọ́n fi dé oògùn tó pa Tíṣà," ni Olúyọmí wí. "Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é. Ẹni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìgò, kí ló fẹ́ tún fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa sí? Ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí i ni. Adélékè, ìwọ lo gbé e dé. Àwọn ará ilé gbọ́ ohùn òkú, ìwọ ní ẹnu ìgò ni. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ṣí sílẹ̀, nílé tí wọn kì í ti í fi ìgò sílẹ̀ láìdé?"

Afẹ́fẹ́ tún fẹ́. Ìgò náà ké. Adélékè kúnlẹ̀ bí ọmọdé.

"Ẹ dí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí i!"

Olúyọmí kò dí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta ilé yìí. Ẹni tó fẹ́ rà á á wó o, á fi kọ́ ilé epo. Orí ìyá tó bí àwa méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò epo sí! Mo dọ̀bálẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní òkú kì í sanwó ilé. Mo bá fi ẹ̀mú ṣí oògùn wọn, mo da oògùn kòkó sí i, àmọ́ ìdérí rẹ̀ wó. Mo mú ti orí ìgò yìí, mo yọ́ ìda àkọ́kọ́, mo fi lẹ̀ ẹ́ padà."

"Kí ló dé tí o ò dí ìgò yìí?"

"Mo gbàgbé. Nígbà tó ké, mo mọ̀ pé ìgò ni. Mo mọ̀, ọ̀gá! Ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ni mò ń gbọ́. Mi ò lè sún mọ́ ọn."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Ràmọ́tà ti ń fọ́mọ lọ́mú nílé.

Susannah tọrọ ìdérí náà, kó lè fi dé ìgò. Olúyọmí ní kóòtù ló ni ín báyìí. Àánú opó náà ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Nígbà tó dé géètì, ó bojú wẹ̀yìn. Susannah ti jókòó sídìí ògiri, ó gbé ìgò náà lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọwọ́ tó fi bu oògùn fún ọkọ rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sì lè gbé ọwọ́ náà kúrò.