Àwọn Àwo tí Ṣìkẹ́mi Kó Dànù

"Gba máìkì, ọmọ mi! Sọ ohun tí Olúwa ṣe!"

Ìyá Ṣìkẹ́mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó ń jó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìjọ wọn ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà, ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó gba ipò kìíní nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì. Inú gbogbo ènìyàn ń dùn, àfi ti ẹni tí wọ́n ń yọ̀ fún.

Ṣìkẹ́mi mọ ohun tó ṣe. Nígbà ìsinmi, wọ́n gbà á sí yàrá ìwádìí kan, ó sì ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì pánkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tó ń tú ẹnsáìmù tó ń bá wa da oúnjẹ jáde. Bí áyọ́ọ̀nù kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó máa ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, bá pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì náà, á tú ẹnsáìmù síta. Ohun tí Ṣìkẹ́mi fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì bá dínkù, ṣé ẹnsáìmù á jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Nínú àwo kan lára àwọn tó fi sẹ́ẹ̀lì sí, ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn yòókù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ wa kó àwọn àwo tó tako ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù, ó di ẹyọ kan mú, ó ní òtítọ́ nìyẹn.

"Praise the Lord," ló wí. "Mo find out pé tí acid inú pancreas bá reduce, enzyme á jáde dáadáa."

"Halelúyà!"

Lẹ́nu ọ̀nà, Díkìnì Fọlọ́runṣọ́ dá a dúró. Ọjọ́ ti pẹ́ tí pánkíríásì ti ń yọ bàbá yìí lẹ́nu. Bí kò bá lo oògùn ẹnsáìmù tí dókítà fún un, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀.

"Ṣìkẹ́mi, acid tí o sọ yẹn, ṣé káún ò lè pa á? Oògùn yìí ti sú mi."

Ó yẹ kí ó ní, "Rárá o, Daddy, sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í ṣe ènìyàn." Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà láti sọ pé òun kò mọ̀.

"Ó lè work, sir," ló wí.

Ẹyin lohùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Deacon wà ní hospital, ní Lawrenceville! Wọ́n ní ó pa oògùn ẹ̀ tì, káún ló ń mu. Ó ní ìwọ lo explain ẹ̀ fún òun."

Inú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn, ni Ṣìkẹ́mi ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń wa mọ́tò lọ.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Díkìnì ti rù hangogo.

"Nígbà tí mo bi ẹ́ léèrè lẹ́nu ọ̀nà, ṣé o mọ̀ pé kò dá ẹ lójú?"

"Mo mọ̀, sir."

Ìtìjú bo Ṣìkẹ́mi, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Dìde," ni Díkìnì wí. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló kàn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ káún yẹn fún Màmá Oyèrónkẹ́ nínú ìjọ wa, òun náà sì ti ń mu ún. Mi ò mọ ẹni tí òun náà sọ fún."

Ṣìkẹ́mi fa fóònù yọ, ó ṣí WhatsApp ìjọ. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbogbo church ló máa gbọ́ o, Ṣìkẹ́mi."

"Mummy, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu káún mọ́. Ṣìkẹ́mi ni. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ padà sídìí oògùn tí doctor fún yín."

Àwọn tó ṣètò ìdíje gba àmì-ẹ̀yẹ wọn padà, ó sì pẹ́ kí Ṣìkẹ́mi tó lè wo ojú ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ìtìjú nínú "N kò mọ̀." Ẹni tó bá fi irọ́ bo àìmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń gbé irọ́ náà mì.