Ohun Tí Àmọ̀dá Fi Pamọ́ fún Dókítà

Ọjọ́ Sátidé tí iṣẹ́ kò sí ni Àmọ̀dá lọ sí ọsibítù kan ní Sàngó. Bàtà rọ́bà tó ń wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ti jẹ́ kí làpálàpá mú un láàárín ìka ẹsẹ̀, ó sì ti gun itan. Dókítà Ọmọ́wùnmí fẹ́ kọ oògùn kẹtokónásóòlù oníhóró fún un.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn? Àgbo ńkọ́, tàbí ti okun ọkùnrin?"

Àmọ̀dá wo Mùíbátù, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó tì í.

"Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá."

Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ra fayágírà, oògùn okun ọkùnrin, ní Ìjókó, tó ń fi í pamọ́ sápò ṣòkòtò iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, bí Mùíbátù bá mọ̀, iyì òun wọmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, nígbà tó dé láti ìrun Jímọ̀, tòun ti oògùn làpálàpá lára, ó gbé ẹyọ fayágírà kan mì bó ti máa ń ṣe. Nǹkan ọkùnrin rẹ̀ tó dìde kò wálẹ̀ mọ́. Ìrora dé, ojú rẹ̀ ń ṣú.

"Bàbá Bàrákàt, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù," Mùíbátù bẹ̀ ẹ́.

"Kí n lọ sọ kí ni fún dókítà obìnrin yẹn? Yóò rọ̀."

Ọjọ́ kejì ló tó gbà.

Nígbà tó jẹ́wọ́ fayágírà tó lò, Dókítà Ọmọ́wùnmí kò jágbe mọ́ ọn. "Oògùn làpálàpá yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ fayágírà dànù. Ẹyọ kan á wá máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀. Ó lè mú kéèyàn dákú. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ìpara ni ǹ bá fún yín. Bí irú èyí bá sì ti kọjá wákàtí mẹ́rin, ẹran ibẹ̀ ti ń kú."

"Ṣé yóò tún ṣiṣẹ́?"

Dókítà mi orí pé rárá.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ìrora lè lọ. Agbára ọkùnrin rẹ̀ kò padà.

"Èmi lẹ tijú?" Mùíbátù bi í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. "Ìgbà wo ni mo ráhùn sí yín rí?"

Àmọ̀dá kọjú sí ògiri.

Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ báyìí, ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí dókítà tàbí apòògùn bá bi yín léèrè ohun tí ẹ ń lò, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ ẹni tó jókòó tì yín lẹ ń tijú, ẹ ní kó jáde díẹ̀. Bí ara bá yí padà, ẹ má jókòó sílé dúró dè é. Dókítà ti gbọ́ ohun tó burú ju tiyín lọ.