Oyin Ojú Egbò

Egbò ẹsẹ̀ ológbò Ìyá Oníṣòó kì í rùn. Oṣù kẹta rèé tó ti là sílẹ̀ bí ẹnu, kò kẹ̀, kò sì san. Egbò tó bá pẹ́ báyẹn gbọ́dọ̀ rùn. Èyí mọ́ tónítóní, bí abọ́ tí ẹni tí ebi ń pa ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú ẹ̀.

Dókítà ẹranko gbé ẹsẹ̀ náà wò, ó mirí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gé e."

"Ẹ gé kí ni? Ìṣó ni mò ń tà, mi ò ta ayùn. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kó fi oyin ra á, kó fi bándéèjì dì í. Ó fi ike tó rí bí àrọ sí ẹran náà lọ́rùn, kó má baà lè fẹnu kan ẹsẹ̀.

Ìyá Oníṣòó ò fo ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án, bándéèjì á ti tú, oyin á ti tán, ike á ṣì wà lọ́rùn ológbò digbí. Ó ti ẹran náà mọ́ yàrá ẹrù, ó fi àgádágodo tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù há a. Bákan náà ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irun tí oyin lẹ̀ mọ́. Ipa ahọ́n ni. Ahọ́n ológbò kò ju ìka kan lọ. Èyí fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

Òun àti ìyá olóògbé ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbélé. Ọdún méjì rèé tí ìyá náà ò ti lè dìde lórí ibùsùn.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ tí ẹnikẹ́ni wọlé?"

"Ta ni yóò wá wo arúgbó, àfi olè tó ṣìnà?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń dán. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ara rẹ̀ ti ń yá, gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn dúpẹ́.

Ìyá Oníṣòó padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fún un ní omi kíkorò kan pé kó fọ́n ọn sórí bándéèjì, kó má jẹ́ kó kan egbò. Ìyá Oníṣòó tọ́ ọ wò. Ó korò ju ẹjọ́ ẹbí lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bándéèjì wà níbi tó dì í sí, etí rẹ̀ kan ló tutù fún itọ́. Ó tú u. Oyin pé. Ẹran pupa tuntun ti ń yọ létí egbò. Díẹ̀ ló kù kí Ìyá Oníṣòó jó fún ayọ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ tí ẹnì kan ń tutọ́ ní yàrá inú.

"Ìyàwó mi, gbé omi wá. Ẹnu mi korò."

Ó gbé omi lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ti jìn kòtò láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ó mu omi náà tán, kò gbójú kúrò lára Ìyá Oníṣòó.

"Ṣé wàá tún fi nǹkan kíkorò yẹn sí i?" ló bi í, jẹ́jẹ́.

Ìyá Oníṣòó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo fẹ́ lọ fi sí i báyìí."