Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Síkútà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àròsọ ni. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, inú sì ń bí i títí di òní. Ìbínú rẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí tí mo ní, nítorí èèyàn kì í bínú báyẹn sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ó lè yé wa dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ rèé: ó máa ń lọ sílé àwọn aláìsàn tí kò lè dìde, á fi okùn rọ́bà so apá wọn, á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín, á kó àwọn ìgò náà sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, á sì sáré gbé e dé yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ò ní sùúrù. Tí ooru bá mú un, ó ń bàjẹ́ nínú ìgò nìyẹn. Ohun tí ẹ̀rọ bá sì sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, irọ́ ni.

Ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ló fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, pè é sí yàrá.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i,” ni ọ̀gá wí, “kí o gbé kúlà mi fún mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, bọ́ọ̀sì ni.”

“Bọ́ọ̀sì kọ́ ni mo gbà síṣẹ́.”

Ìdí nìyẹn tó fi wá síkútà lọ. Síkútà ni alùpùpù tí èèyàn ń jókòó lé bí ẹni jókòó sórí àga, tí pèpéle wà níwájú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tó kéré jù kò lè gun òkè. Èyí tó tóbi jù, obìnrin tó tín-ín-rín bíi tirẹ̀ ò lè tì í. Ààrin gbùngbùn ló ń fẹ́, àlòkù ni ọwọ́ rẹ̀ sì ká.

Àṣà kan wà tí wọ́n fi ń ta síkútà àlòkù nílùú náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí a tó máa lọ. Ẹni tó ń rà ni yóò wà á. Ẹni tó ń tà yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò sì jọ yí àdúgbò po. Ó ń jẹ́ kí olè má lè gùn ún lọ ráúráú. Ó tún ń jẹ́ kí ẹni tó ń rà mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì lè gbé èèyàn méjì. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ló ní síkútà tó rí. Aláwọ̀ eérú ni, ó mọ́ tónítóní. Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó, ó tan iná sí i.

“Ẹ gòkè, Bàbá.”

Kò bojú wẹ̀yìn. Síkútà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń rọ̀ tí èèyàn bá jókòó. Ó gbéra.

Ọwọ́ kan kàn án léjìká ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó yà sọ́tùn-ún. Ó kàn án lósì, ó yà sósì. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò mọ àdúgbò yẹn.

“Ẹ́ńjìnnì yìí ò pariwo, Bàbá.”

Kò sí èsì. Ó rò pé arúgbó ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ òun lẹ́nu.

Wọ́n dé oríta kan tí táńkì omi ńlá wà. Ọwọ́ náà kàn án lósì. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, koríko sì ti ń bò ó. “Ó tó, Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà,” ló wí, ó sì yí síkútà po. Ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. Ó dì í mú gírígírí títí wọ́n fi padà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá aláago jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Awò ojú rẹ̀ wà níwájú orí, aago kan tó tú palẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ wò ó. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkankan.

“Ta ni mo gbé?”

“Ṣé ó gùn dáadáa?”

“Bàbá, mo ní ta ni mo gbé?”

“Ibí ni mo wà. Aago yìí ni mò ń tún ṣe.”

Ó fọwọ́ kan àga ẹ̀yìn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹlòmíràn á ti sá. Àmọ́ inú ló bí òun. Ó ní arúgbó yìí ló bọ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, tó gba ọ̀nà àbùjá sáré wálé láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá nítorí ó ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ tà á fún. Ó ní irọ́ ni, kò ní í rí ẹlòmíràn tà á fún. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó ra síkútà náà lójú ẹsẹ̀, ó sì gùn ún lọ láì kí bàbá pé ó dàbọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi okùn so kúlà mọ́ àga ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi dé yàrá àyẹ̀wò. Kò yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣí kúlà. Yìnyín ti yọ́ tán, àwọn ìgò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ohun tí èèyàn gbé mọ́ àyà. Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò kan, ó wo ojú rẹ̀.

“Ó fi díẹ̀ yè,” ni ọ̀gá wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, táyà ẹ̀yìn ti jẹ. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

“Àǹtí, ta lẹ máa ń gbé?”

“Èmi nìkan ni.”

“Ẹ má bínú o. Táyà ẹ̀yìn yìí ti darúgbó, tiwájú ò tíì mọ̀ pé òun ti dáyé. Ṣé ọkọ yín sanra ni?”

“Mi ò ní ọkọ.”

“Háà. Ọkọ ẹlòmíì lẹ wá ń gbé kiri nìyẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sanwó, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ó gbé kúlà síwájú, ó fi sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó lérò pé ọgbọ́n nìyẹn. Nígbà tó rìn díẹ̀, ohun kan gba abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì wọlé. Ó rọra ń wọlé. Ó ń nà síwájú, bí ọwọ́ ẹni tó ń wá ohun tó wà lórí itan rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èémí gbígbóná kàn án lọ́rùn. Tó bá sì ti dé oríta táńkì omi, níbi tí ó ti ní láti yà sọ́tùn-ún kó tó dé yàrá àyẹ̀wò, ọwọ́ náà á kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Á kàn án léjìká. Òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́.

Ó gbé síkútà padà lọ sọ́dọ̀ bàbá aláago.

“Ẹ gba ẹrù yín.”

“Ọjà tí a bá ti tà kì í padà, ọmọ mi.”

“Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ.”

“Ta ló sọ fún èmi? Ẹni tó tà á fún mi, bí mo ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí náà ni òun ṣe jókòó. Kò sí àyè lẹ́yìn síkútà yẹn. Kí lo fẹ́ kí n jókòó lé?”

“Kí ló ń fẹ́?”

Bàbá gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn aago ara ògiri ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kò sí méjì tó dún pọ̀.

“Ó ń lọ síbì kan. Mo máa ń yà sósì fún un níbi táńkì. Tí mo bá ti yà, á tún ní kí n máa lọ. Á tún ní kí n máa lọ. Èmi a máa padà kílẹ̀ tó ṣú.”

“Ẹ ò sì bi í ibi tó ń lọ?”

“Ìwọ náà, ṣé o bi í?”

Àǹtí Abẹ́rẹ́ tan síkútà, ó yí i padà. Inú ló tún bí i sí i, nítorí òun náà ò bi í rí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójútáyé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lọ gbà. Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, gìgísẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un. Ó pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó kán tó. Ìyá ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ tún padà wá o. Kò ní ẹ̀jẹ̀ tó máa fi ṣòfò.”

“Mi ò ní í padà wá gbà á,” ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. Ìlérí ló ṣe.

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Ọwọ́ méjèèjì ti gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé kó tó dé òpópónà. Ó fi ìgúnpá gbá wọn. Wọn ò kúrò. Ìdérí kúlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná mọ́ ọn lórúnkún. Nígbà tó dé oríta, ọwọ́ náà kàn án lósì.

Ó tẹ bíréèkì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí àga òfìfo náà.

“Sọ̀kalẹ̀.”

Káfíńtà kan ń rẹ́ pákó létí ọ̀nà. Ayùn rẹ̀ dákẹ́. Àwọn ẹyẹ tó wà lórí táńkì dákẹ́.

“Mo ní sọ̀kalẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kán ni? Èmi kọ́ ni ìyá tó bí ọ tí n ó fi máa pọ̀n ọ́ kiri ìlú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ bà jẹ́ yìí. Ibikíbi tí o bá ń lọ, ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn ín.”

Kò sí ohun tó mì.

Lẹ́yìn náà, irin abẹ́ àga ẹ̀yìn dún, kíí. Ìdí síkútà gòkè. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó rí i.

Káfíńtà wo ẹ̀gbẹ́ táńkì. “Àǹtí, ẹ ṣàánú ẹni yẹn, oòrùn yìí mú.”

“Ẹni wo?”

Ọkùnrin náà wò ó. Ó tún wo ibẹ̀. Ó gbé ayùn rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ padà gun síkútà, ó sì fò lọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ́. Ní yàrá àyẹ̀wò, ọ̀gá ṣí kúlà, yìnyín ń tàn. “Bó ṣe yẹ kó rí nìyí,” ni ọ̀gá wí. Ẹ̀rọ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wọlé, kò kọ̀ ọ́. Àǹtí Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ilé mẹ́fà ló wà nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ilé àkọ́kọ́, bàbá tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ wò ó láti orí ibùsùn.

“Ṣé ẹ̀yin tún nìyẹn?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, Bàbá.”

“Ẹnì kan ti kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ó ń bèèrè yín.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Mi ò rí i. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Inú ń bí i.”

Ní ilé kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ní kó yára kó máa lọ, wọn ò wo ojú rẹ̀. Nílé kẹta, wọn ò ṣílẹ̀kùn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún. Ó dúró pẹ́ ní ẹ̀kẹfà, níbi tí ọmọ jòjòló àná wà, nítorí oògùn tí dókítà fi rán an sí i. Igbe ọmọ náà ń já wá láti inú ilé, kò sinmi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ,” ni ìyá rẹ̀ wí láti inú. “Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣíwájú yín kó má wá síbí mọ́. Látìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí lọmọ mi ò ti dákẹ́.”

Ìgò méjì péré ló gbé padà. Ọ̀gá ṣí kúlà, ó tì í padà jẹ́jẹ́.

“Ó tutù,” ni ọ̀gá wí, “àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Tó bá tún rí báyìí lọ́la, má wọlé.”

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó délé. Màmá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ.

“Ta lo bá jà?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Màmá.”

“Ẹnì kan wá. Eruku kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Mo gbé àga fún un. Ó ní rárá, òun ti jókòó tó.”

Àǹtí Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ síkútà mú. “Kí ló tún sọ?”

“Ó ní kí n bi ọ́, níbi tí o sọ òun kalẹ̀ sí yẹn, ṣé o mọ bó ṣe kù díẹ̀ tó kí òun dé?”

“Níbo ló wà báyìí?”

Màmá rẹ̀ fi ẹnu júwe ojú ọ̀nà. “Ó ní kò burú. Ó ní òun mọ gbogbo ilé tí o máa ń lọ. Òun á máa fẹsẹ̀ rìn ṣíwájú rẹ.”

Ó tan síkútà. Ó gùn ún padà lọ sí oríta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ilé káfíńtà ti wà ní títì. Ọ̀nà apá òsì lọ sínú koríko, kò sí ipasẹ̀ kankan nínú eruku ibẹ̀. Ó sún síwájú lórí àga, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn.

“Gòkè,” ló wí.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìbínú ṣì wà níbẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un kúrò. Ó tún un sọ. Ó dúró kí ìdí síkútà rọ̀ sísàlẹ̀.

Kò rọ̀.